Yìnyín Tí Tatsuhei Dà Sí Gọ́tà

Ìdí gọ́tà ni wọ́n ti pàdé. Tatsuhei ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú tí yìnyín kì í ti í bọ́, ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín iwájú ilé rẹ̀ sójú ọ̀nà. Chizuru, ọmọ Orikasa tó ń sá ẹja, dúró wò ó.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò máa gun òkè kọjá ni?"

"Níbo ni kí n wá kó o sí?"

"Inú gọ́tà, omi á gbé e lọ sókun. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí omi kàn wá. Àdúgbò òkè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí i fún."

Ó gba ṣọ́bìrì, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Èmi Urabe, opó tí ilé rẹ̀ wà láàárín tiwọn, mo rí i láti ojú fèrèsé pé ọmọkùnrin náà kò wo ṣọ́bìrì rárá.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ mi lẹ́yìn ilé mi. Wọ́n rò pé ogbó ti di mí létí.

Orikasa, bàbá Chizuru, kò fẹ́ Tatsuhei. "Àjèjì tí kò mọ yìnyín," ló máa ń wí. "Ọjọ́ kan ni yóò jẹ́ kí yìnyín wó ilé lé ọmọ mi lórí." Chizuru bẹ̀ ẹ́ títí di ìgbà òtútù kejì kí ó tó ní kí Tatsuhei wá bá wọn jẹun ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ òkun gbé yìnyín wá, òkè dá a dúró sórí wa, ó sì bọ́ títí ó fi bo fèrèsé. Tatsuhei kò fẹ́ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àna. Omi kò tíì kàn wá, ó ṣí ìdérí gọ́tà, ó da yìnyín rẹ̀ sí i, ó wọ kóòtù, ó lọ.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí omi dé. Ó gbá yìnyín náà wá, ó fi dí gọ́tà pa níwájú ilé wọn. Omi ya wọ ilé ìsáẹja Orikasa, ó sì ba ẹja tí wọ́n fẹ́ tà fún ọdún jẹ́. Tatsuhei bọ́ kóòtù, ó bá wọn gbọ́n omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú.

"Ọmọ gidi nìyí," ni Orikasa wí.

"Ṣé mi ò sọ fún yín, bàbá?" Inú Chizuru ń dùn. Ó yẹ kí Tatsuhei sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹ̀rù bà á, ó ń gbọ́n omi lọ.

Èmi ni Orikasa wá bá. Ilé mi ló wà lókè tiwọn, ó rò pé èmi ni mo da yìnyín náà.

"Ìyá àgbà, ẹ ti bà mí lọ́jà jẹ́. Bí ogbó bá ti ń dà yín láàmú, ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín."

N kò da yìnyín kankan. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, a kì í bá ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ jiyàn. Mo tẹrí ba. "Ẹ forí jì mí," ni mo wí, ojú sì tì mí bí ẹni tó jalè.

Tatsuhei wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú Chizuru. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín.

"Kì í ṣe ìyá, bàbá. Èmi ni."

"O jẹ oúnjẹ mi, o gbọ́ tí mò ń bú àgbàlagbà, o ń wò mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Chizuru ló dùn jù. "Yìnyín kọ́ ló dùn mí," ó wí. "O jẹ́ kí n máa fi ẹ́ yangàn." Ó wọlé lọ. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Eléyìí pẹ́. Èmi ni mo fà á dìde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó wá dágbére fún mi pé òun ń padà sílé. Inú bí mi.

"O fẹ́ sá? Èmi tí mo tẹrí ba fún ohun tí mi ò ṣe, mo sá?"

"Ojú ń tì mí láti rí Chizuru, ìyá."

"Wọ bàtà rẹ. Èmi ni alárinà rẹ."

Nígbà tí Orikasa ṣílẹ̀kùn tó rí mi, òun ló forí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bú mi, etí òkun ló ń gbà lọ sọ́jà kó má baà kọjá níwájú ilé mi.

"Ìyá, mi ò lójú láti fi wò yín."

"Gbogbo wa ni ojú ń tì. Mo wá tọrọ Chizuru fún ọmọ mi yìí."

Kò lè sọ pé rárá fún mi. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé. "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀," ló wí.

Chizuru jáde wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Ó pẹ́ kó tó wo Tatsuhei.

"Ìgbà mìíràn tí ojú bá ń tì ẹ́," ó wí, "èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

"Ojú ń tì mí báyìí."

Chizuru sún mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í.