Owó Tí Mo Pè Ní Ayédèrú

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ Alága bá mi sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ti dí mi ní ìmọ́lẹ̀."

Mo sún. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè wò ó, ọkàn mi ti lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ojú ẹsẹ̀ ni. Mo sì ti pé ẹni ọdún méjìdínlógójì nígbà yẹn, kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọdé.

Inú gbọ̀ngán ilé-ìwé kan la wà, níbi ìpàtẹ owó àtijọ́ tí à ń ṣe ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bàbá rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ wa, Alága la sì ń pè é, kódà nínú ilé rẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣú, kò rí nọ́ńbà ara owó dáadáa mọ́, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá gba iṣẹ́ ìdí tábìlì rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ aago ni èmi ń ṣe: aago ọwọ́, aago ògiri, èyíkéyìí tó bá dákẹ́. Nítorí náà, Aláago ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ìpàtẹ náà tóbi o. Tábìlì mẹ́wàá ni, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú, àti ọkùnrin kan tó ń tọ́jú gbọ̀ngán, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ láti aago kan ààbọ̀, kí á lè rántí pé aago méjì la máa jáde. Ẹni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mẹta ti mọ gbogbo wa. Ọ̀gá Báǹkì wà níbẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ka owó olówó ní báǹkì, tó fẹ̀yìn tì tán, tó tún wá ń ka tirẹ̀. Alágbọ̀n náà wà níbẹ̀. Òun kì í ra nǹkan lórí tábìlì. Ìdí agbọ̀n tí wọ́n ń da owó tí kò níye lórí sí ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, á máa tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, á ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa rí nǹkan níbẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé owó kan náà ló ń yí gbọ̀ngán ká. Ọ̀gá Báǹkì á tà á fún mi lóṣù yìí, èmi á fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Alágbọ̀n lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tó bá fi máa di ìparí ọdún, Ọ̀gá Báǹkì á ti rà á padà, á ní irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Àlejò kì í pọ̀. Nígbà míì ẹnì kan á yọrí wọlé láti ìta, á ní kí á bá òun ṣẹ́ńjì owó.

Nǹkan kan ṣoṣo ni èmi ń kó jọ: owó bàbà kékeré kan báyìí, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní páálí kan tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tirẹ̀. Ọgbọ̀n ihò ti kún. Ó ku ọ̀kan, ọdún kan tí wọn ò ṣe púpọ̀. Lọ́jọ́ tí mo pàdé ọmọ Alága, mo bi í bóyá ó ní ti ọdún yẹn. Ó ní kò sí, pé kí n yọjú lóṣù tó ń bọ̀. Mo yọjú. Mo tún yọjú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi yọjú.

"Ṣé ó ti dé?" ni n ó bi í.

"Kò tíì dé," ni òun náà á wí. "Jókòó."

Kì í kúkú ṣe pé ó ń sọ "jókòó" fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ jókòó, sà" ni. Ní oṣù kẹfà ló fi "ẹ" sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Mo délé lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹun. Nígbà tó yá, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá fún mi kí n bá òun tún un ṣe. Mo tú u, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo nù ún, mo dá a padà. Lóṣù kejì ó tún gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún aago tí kò bàjẹ́ ṣe, tí mi ò fura sí nǹkan kan. Nǹkan ń ṣe mí nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, kò lè mú un mọ́ra.

"O ń fi owó ra owó," ló máa ń wí. "Owó tí èèyàn ò lè fi ra búrẹ́dì. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí owó ọ̀hún ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa fara balẹ̀ ṣe é."

"Ọdún mẹ́ta lo ti ń fara balẹ̀. Àbí ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà ọ́?"

Ẹ̀rù ló ń bà mí lóòótọ́. Bí mo bá sọ ọ́ jáde tó sì kọ̀, ojú wo ni n ó fi jókòó sídìí tábìlì yẹn mọ́? Níwọ̀n ìgbà tí ihò kan bá ṣì ṣófo nínú páálí mi, mo ní ohun tí mo lè lọ bi í. Mo gbà pé ìyẹn tó mi.

Ni mo bá dé ní Sátidé kan, mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì, mo ní, "Ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé," ló wí.

Ó tẹ́ aṣọ dúdú kékeré kan sórí tábìlì, ó gbé owó náà lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi ló ń wò, kò wo owó. Alágbọ̀n dìde nídìí agbọ̀n rẹ̀, ohun tí mi ò rí rí. Ọ̀gá Báǹkì sún mọ́ wa, Alága náà fọwọ́ tá tábìlì wá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé mo ti ń wá owó yẹn kí ọmọ Alága tó dé gbọ̀ngán rárá.

Mo fi awò tí mo fi ń tún aago ṣe sójú. Ojúlówó ni. Nọ́ńbà rẹ̀ pé, etí rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde. Ó yẹ kí inú mi dùn. Àyà mi já ni. Tí mo bá ra eléyìí lónìí, kí ni mo fẹ́ wá bi í lóṣù tó ń bọ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo wá ṣe? Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ tí ẹnu mi ti sọ̀rọ̀.

"Ayédèrú ni."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá wa kó owó jọ, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ lè ní owó ẹnì kan wọ́n jù. Ẹ lè ní ó ti gbó, ẹ lè ní ojú rẹ̀ ti họ. A máa ń bú ọjà ara wa láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìnájà wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yẹn, wọn kì í sọ ọ́ níbẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá gbé ayédèrú sórí tábìlì kò ní pàtẹ níbẹ̀ mọ́ láé. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà, ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

"Kí lo wí?" Alága bi mí.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní eré ni mò ń ṣe. Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ ti ń ká aṣọ dúdú náà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí fún mi.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? "Ẹ" ti padà dé. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀gá Báǹkì ní kí á wọn owó náà kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ilé Alága ni òṣùwọ̀n tó lè wọn nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀ wà. Ọkùnrin onígbálẹ̀ sì ní aago méjì ti lù. Wọ́n bá sún un di ọ̀sán ọjọ́ kejì nílé Alága, ọmọ Alága kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé á bú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá le.

"O ba ọjà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nítorí pé ojú ń tì ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ wá ṣòkòtò tó mọ́. A ń lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́la. Bí a bá sì ti ń bẹ̀bẹ̀ náà, ká kúkú bẹ gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà."

Pálọ̀ Alága kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí gbọ̀ngán wa. Dúrọ́ọ̀ wà lórí dúrọ́ọ̀, àpótí wà lábẹ́ gbogbo àga. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó dìde, ó ti jókòó lé ọba mẹ́rin tó wà lójú owó lórí. Ọ̀gá Báǹkì gbé owó bàbà náà sórí òṣùwọ̀n. Ó wò ó, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

"Ojúlówó ni," ló wí. "Kò fi bíńtín dín."

Alága kọjú sí ibi tó rò pé mo wà. "Aláago, kí lo rí tí òṣùwọ̀n kò rí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, sà. Mo mọ̀ láti àná pé ojúlówó ni. Mo purọ́ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ọmọ yín ni, sà. Tí páálí mi bá kún, mi ò ní rí ohun tí mo máa wá ṣe nídìí tábìlì rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

 Aago ògiri ń dún lókè orí mi. Mo mọ̀ pé ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àsìkò tó yẹ kí n sọ ọ́ nìyẹn.

"Jẹ́ kó yé mi," Alága wí. "Kì í ṣe pé o kò mọ owó?"

"Mo mọ owó, sà."

"Òpùrọ́ ni ọ́, ṣùgbọ́n o mọ owó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alága mí kanlẹ̀. "Ó dára. Òpùrọ́, a lè bá a wí. Ẹni tí kò mọ owó, mi ò lè fún un lọ́mọ láé."

Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀, ó ti ń dúpẹ́. Àfi ohùn kan láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá mi, ẹ dúró," ọmọ Alága wí. Kò wò mí. "Inú pálọ̀ yìí kọ́ ló ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin, sà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ wá sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni n ó mọ èsì tí n ó fún yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí ìpàtẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, mo gbé ọwọ́ wákàtí sípò ọwọ́ ìṣẹ́jú fún oníbàárà kan, ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde nílé nítorí pé ó ń pẹ́ wọlé. Mi ò sùn, mi ò jẹun dáadáa. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ láyé, èmi fúnra mi ni mo sì fi ẹnu mi lé e.

Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ pé, mo gorí bẹ́ǹṣì láàárín gbọ̀ngán. 

"Ẹ̀yin ará," mo wí, "owó tí mo pè ní ayédèrú lóṣù tó kọjá, ojúlówó ni. Ayédèrú kankan ò dé orí tábìlì yẹn rí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá síbí bí ẹni tó ń wá owó. Ọmọ Alága ni mo ń wá. Mo fẹ́ kó fẹ́ mi. Bí ó bá kọ̀, mo ti gbà, ẹ ṣáà má fi irọ́ tèmi bá a wí."

Ọwọ́ Alágbọ̀n dúró sójú kan nínú agbọ̀n. Ọkùnrin onígbálẹ̀ ní kí n sọ̀kalẹ̀, pé wọn kì í dúró lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ síwájú tábìlì rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i.

"Ṣé o mọ ìgbà tí owó yẹn ti dé ọwọ́ mi?" ló bi mí.

Mo gbọ́ "o" yẹn, mo tún sún mọ́ tábìlì. "Oṣù tó kọjá."

"Ọdún kan àti oṣù méjì. Abẹ́ aṣọ mi ló wà, nínú dúrọ́ọ̀."

"Nínú ilé mi?" Alága wí. Ó fẹ́ dìde, wọ́n dá a jókòó.

"Kí ló dé tí o kò mú un jáde?" mo bi í.

"Ohun tó mú ìwọ náà purọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí páálí ẹ kún. Ṣùgbọ́n ó wá sú mi, Aláago. Mo ní bóyá tí mo bá mú un jáde, tí kò bá sí nǹkan míì tó kù láti bi mí, wàá bi mí ní èyí tó yẹ. O wá fi ayédèrú dá mi lóhùn."

"Ìfẹ́ mi, dárí jì mí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Gbé páálí ẹ wá."

Mo gbé e lé orí tábìlì. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi jẹ owó àtijọ́ níyà, kò sí èyí tó burú tó kí ó fi ìka lásán tẹ ojú rẹ̀. Òógùn ọwọ́ á jẹ ẹ́, àmì rẹ̀ kì í sì í kúrò. Ọmọ Alága ti mọ ìyẹn kó tó mọ ìwé kà. Ó mú owó náà, ó gbé e sí ihò tó kù, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì jẹ́ kí àtàǹpàkò náà pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Báǹkì di orí mú. Alága ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un.

"Ó ti kún," ló wí. "Kí lo wá fẹ́ máa bi mí lóṣooṣù báyìí?"

"Mi ò ní bi ọ́ lóṣooṣù mọ́," mo dá a lóhùn. "Àràárọ̀ ni n ó máa bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa."

Ọjọ́ Àìkú la ṣègbéyàwó, nítorí Alága kò gbọ́ kí á fọwọ́ kan Sátidé. Àmì àtàǹpàkò ìyàwó mi ti dúdú díẹ̀ lójú owó náà. Ọ̀gá Báǹkì ní iye rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́, síbẹ̀ ó ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tà á fún òun, mo sì ti sọ fún un pé kò ní rí i rà.

Mo bi ìyàwó mi lówùúrọ̀ yìí náà. Ó ní òun ò fojú kan oorun, pé mo hanrun mọ́jú.