Àǹtí Dèjì ní Crumpsall

Inú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni Olúfúnlọ́lá ti kọ́kọ́ pàdé Adédèjì. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Crumpsall ní Manchester, ó ń padà sílé ní Old Trafford, ẹsẹ̀ ń ro ó. Ọkùnrin kan wá tẹ́ máàpù ńlá sórí itan, ó ń ka orúkọ àdúgbò pẹ̀lú ohùn Ìbàdàn, etí máàpù sì ti gun orí itan Lọ́lá. Lọ́lá fi Yorùbá bi í pé ṣé ó sọnù ni.

Dèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò sọnù, yunifásítì lòun wà, òun ń kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń pète ọkọ̀ èrò fún gbogbo agbègbè Manchester láti ayé àwọn bàbá wọn. Ó ní nígbà kan wọ́n fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà reluwé sábẹ́ ìgboro. Wọ́n yàwòrán, wọ́n ṣèpàdé títí, ìjọba wá ní kò sówó. Ó di 1992 kí tram tí àwọn jókòó sí yìí tó bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn tó ti ń retí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ yẹn ńkọ́?" Lọ́lá bi í.

Dèjì wò ó. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó bi òun nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ ẹnu dídùn! Ibẹ̀ nìfẹ́ gbà wọlé.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jọ ṣe é. Ọjọ́ tí Lọ́lá ò bá lọ síbi iṣẹ́, ilé-ìkàwé ni wọ́n wà. Òun ló ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé àtijọ́ jáde, Dèjì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Bolton padà sọ́wọ́ ìjọba agbègbè ní 2023, wọ́n wọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni Dèjì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Olólùfẹ́ mi," ó ní, "lóṣù kẹjọ ọdún tí mo bá gboyè, àwọn ẹbí mi á wá bá bàbá ẹ."

Lọ́lá tẹ bàbá rẹ̀ láago ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Lọ́lá, òun nìkan sì ni bàbá bí. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kun pálọ̀, ó sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé àna òun ń bọ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ ṣá. Tí Dèjì bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, "Àǹtí Lọ́lá" ló ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún méjì ni Lọ́lá fi jù ú lọ, ó ka ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n á bọ̀wọ̀ fún tí yóò ní kí wọ́n má bọ̀wọ̀ fóun?

Ọjọ́ ìgboyè pé lóṣù keje. Ìyá Dèjì wá láti Ìbàdàn. Lọ́lá kúnlẹ̀ kí i níwájú gbọ̀ngàn. Ìyá yára fà á dìde.

"Ṣé àǹtí nìyí? Mo rò pé àgbàlagbà ni yín ni. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa mójú tó Dèjì. Fikáyọ̀, ìyàwó ẹ̀, ló fi ẹja gbígbẹ yìí rán mi sí yín. Ìgbéyàwó wọn di oṣù kẹjọ, ẹ ò gbọdọ̀ má wá o."

Lọ́lá kọ́kọ́ rò pé òun ṣìgbọ́ ni. Ó wo Dèjì, Dèjì ń tún fìlà oyè ṣe lórí.

"Mà, èmi kì í ṣe àǹtí ẹ̀," Lọ́lá ní. "Èmi náà ló sọ fún pé ẹ ń bọ̀ wá tọrọ mi lóṣù kẹjọ. Bàbá mi ti ń retí yín."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní ṣé òótọ́ ni.

"Àǹtí fẹ́ràn àwàdà, Mọ́mì," Dèjì dáhùn. "Ẹ má dá wọn lóhùn."

"Wọn" kẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀ èèyàn ń dalẹ̀, ó tún ń bọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Lọ́lá ju ti ìyàwó lọ. Ìyá ò rẹ́rìn-ín, ojú Lọ́lá ló ń wò, ẹ̀rù sì ti hàn lójú tirẹ̀ náà.

Lọ́lá dá ẹja padà sọ́wọ́ Ìyá. "Ẹ bá mi fún Fikáyọ̀, Mà. Ẹ ní mi ò mọ̀ pé ó wà."

Kò wo Dèjì mọ́. Ó rìn dé etí títì, ó pe Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá gbé e, ó ti ń dárúkọ àwọn àgbà tí yóò jókòó lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ má retí ẹnikẹ́ni mọ́."

Bàbá ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bi í pé ṣé ó ti jẹun.