Orúkọ Tí Àwọn Ìyàwó Sọ Wọ́n

"Màmá tèmi ni yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, tí yóò lọ jókòó ní kíláàsì? À cet âge? Ní ọjọ́ orí yìí? Ẹ jọ̀ọ́ o!"

Ẹ̀rín pa Mutmainah títí ó fi ọwọ́ di ìhà mú. Sìlífátù, ìyá rẹ̀, ń to aṣọ sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní àdúgbò Sotega, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gba oyè kìíní nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìlọrin kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Libreville, olú ìlú Gabon. Ní báyìí tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, oyè kejì ló ń wù ú. Ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

"Bó bá máa tì ọ́ lójú, màá fi sílẹ̀."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Àwọn copine mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n lọ kí Hàbíbátù ní àdúgbò Akébé, ìyàwó tuntun tí àbúrò bàbá Mutmainah fẹ́ wá láti Ṣakí. Bó ṣe rí Mutmainah, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Adúmáadán, ẹ káàbọ̀ o!"

Inú bí Mutmainah. "Màmá, ó ń fi àwọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́! Ṣé mi ò lórúkọ ni?"

Gbogbo obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló bú ọ?" ni Sìlífátù wí. "Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ ọ̀hún kéré tó. Dúdú rẹ ń dán, ló fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ti sọ àwọn ará ilé, alààyè àti òkú. Ó dárúkọ Eyínfúnjowó, tó ta ẹ̀kọ fún àwọn aláàárù etí òkun ní àdúgbò Glass. Ó dárúkọ Afòkunṣọ̀nà, ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wọn tó wọkọ̀ ojú omi dé Libreville.

"Orúkọ Afòkunṣọ̀nà gan-an ńkọ́?" ni Mutmainah bi í.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Èyí tí àwọn ìyàwó sọ ọ́ nìkan ló kù láyé."

Orí Mutmainah wú. Àṣé gbogbo ẹbí yìí, inú ìyá òun ni wọ́n wà, obìnrin tí òun ń bá jẹun lójoojúmọ́!

"Ibo ni wọ́n kọ àwọn orúkọ yìí sí?"

"Kò sí níbì kankan. Torí kí n lè kọ wọ́n sílẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ padà síléèwé."

Mutmainah kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jọ wọ takisí lọ sí yunifásítì. Ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Omi bọ́ lójú Mutmainah, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu òun ló fà á.

"Má sunkún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Màá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó sì padà lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, Mutmainah àti Aurélie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró lẹ́nu géètì.

"C'est qui?" ni Aurélie bi í, pé ta nìyẹn.

"Màmá mi ni! Iléèwé ló ń lọ!" Ó pariwo ẹ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá yíjú wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ orí kì í sábà dí ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹnu ẹni tó sún mọ́ ọn ló máa ń dí i. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín.