Hawísì àti Oyin Tó Gbéra

Hawísì ni orúkọ rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yìí, ó ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

Húuuuun! Kí ló ń kùn báyìí?

Oyin ni! Wọ́n ń tú jáde nínú apẹ̀rẹ̀ wọn. Gbogbo wọn gbéra, ó di ojú ọ̀run.

"Ìyá àgbà o! Oyin wa ń lọ o!"

Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá àgbà, kò lè sáré. "Gbé ìkòkò irin! Máa lù ú tẹ̀ lé wọn! Má dákẹ́ o! Bí o bá dákẹ́, ẹni tí wọ́n bà sí igi rẹ̀ ló ni wọ́n."

Hawísì gbé ìkòkò. Bí oyin bá lọ, kí ni Ìyá àgbà máa fi wo ikọ́ nígbà òtútù?

Gban! Gban! Gban!

Ó sáré gba oko ọkà bálì. Gban! Gban!

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ di wá létí ni?" ni àwọn àgbẹ̀ inú oko kígbe.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá! Oyin wa ni!"

Gban! Gban! Ó dé orí afárá odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Jàbú! Ìkòkò bọ́ sómi.

Háà! Kí ni ó máa lù báyìí? Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Hawísì la ẹnu. Ó fi gbogbo agbára kọrin:

"Oyin wa, ẹ ṣé o, ẹ ṣé!
Ẹ ṣé fún adùn orí búrẹ́dì!
Ẹ ṣé fún àbẹ́là ìda yín tó ń tàn!
Ẹ ṣé tí ikọ́ Ìyá àgbà lọ!"

Ó ń sáré, ó ń kọrin. Oyin bà sórí igi ápù Bàbá Édríkì, aládùúgbò wọn.

Bàbá Édríkì jáde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Igi ta nìyí?"

"Igi yín ni, Bàbá."

"Ìkòkò rẹ dà?"

"Ó bọ́ sódò, Bàbá. Ẹnu ni mo fi ń pariwo."

Bàbá Édríkì bú sẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ọ! Gbogbo adìyẹ mi ló sá wọlé! O ò dákẹ́. Ìwọ lo ni wọ́n."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ koríko wá. Ó mi ẹ̀ka igi. Pọ̀! Oyin bọ́ sínú rẹ̀. Ó sì bá a gbé wọn délé.

Ìyá àgbà gbá Hawísì mọ́ra. "Ta ló kọ́ ọ lórin tí mò ń gbọ́ yẹn?"

"Kò sẹ́ni, Ìyá àgbà. Mo kàn ń dúpẹ́ ni."

Hawísì wá kọjú sí àlejò wọn, ó kọrin: "Bàbá Édríkì, ẹ ṣé o, ẹ ṣé!"

Bàbá Édríkì họ orí. "Látọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó kọrin fún mi rí."

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Hawísì wí. "Ó ṣì kù."