Ẹ̀wù Tí Ewúrẹ́ Kò Jẹ

"Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

Bí Tírísà ṣe sọ ọ́ tán ni ojú ara rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ná. Òun àti Hógílà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, jọ dúró létí omi nísàlẹ̀ abúlé wọn, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣan ẹ̀wù funfun tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ijó ọ̀la.

Lọ́dọọdún, bí òṣùpá bá ti kún lásìkò tí èso àjàrà ń pọ́n, àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní Jerúsálẹ́mù àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ máa ń jáde lọ jó nínú ọgbà àjàrà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà á wá, bóyá ojú á ṣe kòńgẹ́ ojú. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù ara rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ ọba ì báà jẹ́, ẹ̀wù tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì ni yóò wọ̀. Tírísà àti Hógílà ti jọ ṣàdéhùn pé àwọn á pààrọ̀ tiwọn.

"Ewúrẹ́ wo?" Hógílà béèrè. "Tiyín yẹn?"

"Òun náà ni. Ó ti jẹ apá kan tán. Díẹ̀ ló kù kó jẹ ọrùn mọ́ ọn."

"Yéè! Ẹ̀wù tí màmá ẹ ń hun láti ìgbà òtútù!" Hógílà ká ọwọ́ lérí. "Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Má ṣèyọnu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Jerúsálẹ́mù á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ wá ẹlòmíì tí ẹ máa jọ pààrọ̀."

Ó mọ̀ dájú pé gbogbo ọmọbìnrin abúlé ti pààrọ̀ tán.

Kò sí ewúrẹ́ kankan tó fọwọ́ kan ẹ̀wù náà. Ó wà nínú àpótí, ó funfun bíi wàrà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀wù ìyá Hógílà tó ti kú ni Hógílà ní. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ lórúnkún. Bí àwọn méjèèjì bá pààrọ̀, Tírísà ló máa wọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣáfátì, ọmọ amọ̀kòkò, ń bọ̀ níbi ijó náà. Ṣáfátì ti rẹ́rìn-ín sí Tírísà nídìí kànga lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti fi bẹ́ẹ̀ kun Tírísà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ìyá Tírísà wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò búrẹ́dì. Tírísà rọra gbé ẹ̀wù náà wọ̀. Ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, ni Hógílà bá wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe.

"Tírísà o! Mo rò ó pé bí àwọn ará Jerúsálẹ́mù kò bá tètè dé ńkọ́? Ìwọ lo ti ń ka ọjọ́ yìí látèṣí. Gba tèmi yìí wọ̀. Èmi á dúró ti Màmá àgbà mi nílé..."

Ó wo ọrùn ẹ̀wù náà, ó wo apá ọ̀tún, ó wo tòsì. Ewúrẹ́ wọn yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ koríko ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

"Ewúrẹ́ yín mà mọ aṣọ hun o," ni Hógílà wí. Kò pariwo. Ó ká ẹ̀wù ìyá rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì jáde.

Ìyá Tírísà wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Ta lo wọ ẹ̀wù rẹ̀ yẹn?"

Ẹkún ni Tírísà fi dáhùn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó jókòó tì í.

"Ẹ̀wù tí bàbá rẹ rí lọ́rùn mi lọ́jọ́sí, o rò pé tèmi ni? N kò ní nǹkan kan. Àwọn ìyá ìyá wa ló dá àṣà yìí sílẹ̀, kí ojú má baà ti ọmọ tálákà. Bí a bá ti wọ funfun, tí a yá a lọ́wọ́ ara wa, ta ló máa mọ ẹni tí kò ní? Ìwọ wá lo fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

"O mọ ilé wọn."

Hógílà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá àgbà, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Tírísà kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀wù tuntun náà síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo purọ́ fún ẹ. Ẹ̀wù màmá ẹ ni mi ò fẹ́ kí Ṣáfátì rí lọ́rùn mi."

Hógílà kò gbójú sókè. "Ẹ̀wù yẹn ni màmá mi fi jó kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Kò sóhun tí mo ní tó jù ú lọ. Ó dùn mí gan-an, Tírísà."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Kí lẹ ń sọ?" Màmá àgbà lọgun. "Ṣé inú ẹ̀wà lẹ ti fẹ́ rí ọkọ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hógílà. Ó nu ojú rẹ̀. "Ó yá, gbà. Ṣùgbọ́n má fà á ya o, bíi ràkúnmí lo ṣe ń rìn."

Wọ́n jó nínú ọgbà àjàrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Ṣáfátì wá lóòótọ́. Ó dúró, ó wò yíká, ọ̀dọ̀ Hógílà ló sì gbà lọ. Ó dun Tírísà dọ́kàn. Síbẹ̀, nígbà tí Hógílà bojú wẹ̀yìn wá a, ẹ̀rín ni Tírísà rín sí i, ó sì juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Ṣáfátì fẹ́ Hógílà. Tírísà náà rí ọkọ tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń hanrun.

Títí dòní, ọjọ́ olólùfẹ́ ni ọjọ́ náà jẹ́ fún àwọn ará ilẹ̀ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi òdòdó ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tó mọ̀ pé orí ẹ̀wù yíyá ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Tírísà kò gbàgbé ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà tó ẹni tó ń lọ jó, ó pè wọ́n jókòó.

"Mo purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi nítorí ọkùnrin tó kàn rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó lè fún yín ní ẹ̀wù kan ṣoṣo tó ní, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti lẹ ẹ̀wù náà."