Òkè Tó Ń Wo Òsì

Ọmọbìnrin náà na kàlẹ́ńdà sókè lójú fèrèsé, ó yí i padà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba inú ìwé kọjá, ó tàn sí i lójú. Mùíz pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò mọ ìgbà tó pa á.

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tọ̀nà,” ni ọmọbìnrin náà wí.

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló tọ̀nà, ọ̀gá. Iwájú rẹ̀ kò jọ òkè wa.”

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ni, ní Bajúláyé, ní Èkó. Ọdún kejì nìyẹn tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń tẹ kàlẹ́ńdà nígbà náà. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìdí-Àpáta, ìlú kan ní Òkè-Ògùn, wà lára wọn. Àlímì, gbẹ́nàgbẹ́nà ní Bàrígà, ni alága wọn. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lójú fèrèsé yìí. Waliyat lorúkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń rán, ní àdúgbò Pedro.

Ó fi ìka tọ́ àpáta kan lórí òkè inú àwòrán. Àpáta náà rí bí obìnrin tó pọnmọ.

“Ìyá Apọnmọ nìyí. Bí èèyàn bá dúró ní ìlú, ọ̀tún ló ń wò, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Òsì lẹ ní kó máa wò. Igba kàlẹ́ńdà sì ti lọ sílé lánàá. Wọn á ti máa rí i báyìí.”

Mùíz gba ìwé náà. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíìmù àwòrán ló fi sódì lórí pélétì, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Fíìmù ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀ ní tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tọ́ tí òkè sì yí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

“Àṣìṣe mi ni,” ló wí. “Màá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.”

Waliyat ti múra ìjà wá. Kò rí ẹni bá jà. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ lórí ìṣó lára ògiri, èyí tí wọ́n fi han oníbàárà kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Òsì ni Ìyá ń wò níbẹ̀ náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀: *Ó dára. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Àlímì.*

“Bàbá mi rí èyí? Wọ́n fọwọ́ sí i?”

“Wọ́n fọwọ́ sí i.”

“Ẹ ò wá sọ?”

“Bàbá yín kọ́ ló fi fíìmù lé pélétì.”

Ìgbà yẹn ni Waliyat tó wò ó dáadáa. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú tẹ́ẹ́rẹ́, yíǹkì dúdú lábẹ́ èékánná, ojú tí kì í sá. Ó ká kàlẹ́ńdà kan, ó mú un lọ.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà tuntun jáde, Mùíz gbé e dé Pedro fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ṣòkòtò kan lọ, ó ní kí Waliyat bá òun gé e kúrú. Ṣòkòtò náà kò gùn jù.

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ṣòkòtò yìí bá yín mu.”

“Ẹ tún un wò.”

“Mo ti tún un wò. Ṣé ṣòkòtò lẹ bá wá?”

“Rárá.”

Waliyat bú sẹ́rìn-ín. Ó gba ṣòkòtò náà, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Báyìí ni Sátidé di tiwọn.

Oṣù márùn-ún kọjá. Mùíz lọ bá Àlímì ní Bàrígà. Àlímì ń fá pákó. Kò dúró.

“Ìwọ lo yí ojú Ìyá padà.”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Àwọn àgbà ilé ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní Èkó ti gba ojú mi. Ìwọ lo tún fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Àlímì fẹ́ eruku kúrò lórí pákó. “Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Ìdí-Àpáta, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà á bi í ní ohun tó rí. Wá nígbà Iléyá. Ohun tí wọ́n bá wí, abẹ gé e.”

Mùíz padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ náà kúrò lórí ìṣó, ó ká a sínú àpò.

Ọjọ́ kejì Iléyá, ní kùtùkùtù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Waliyat ló síwájú, bí àṣà wọn. Ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Àpáta náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń yọ̀ níbi tí omi òru ti gbà kọjá. Níbi tó ga jù, wọ́n fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi mú.

“Ìjẹ̀bú mi, o ṣì wà láyé?”

“Mo ṣì ń mí.”

“Tó bá jẹ́ gàrí ló wà lókè, wàá ti débẹ̀ tipẹ́.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ ló wà lókè, màá débẹ̀.”

Waliyat ń gùn lọ, ṣùgbọ́n ó rọra ṣe díẹ̀.

Wọ́n dé orí rẹ̀. Mùíz dúró. Oko iṣu tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú kò ti lè tó o mọ́. Kùrukùru wà láàárín igi bí òwú tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń po yíǹkì àwọ̀ ewé. Ó hàn sí i báyìí pé kò tíì rí àwọ̀ ewé rí. Ìyá Apọnmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ga, ó dákẹ́, oòrùn wà lójú rẹ̀.

Waliyat tú oúnjẹ. Ẹ̀kọ tútù, wàrà tí wọ́n fi ata dín, àkàrà tí ìyá àgbà rẹ̀ fi epo pupa dín láàárọ̀. Wàrà náà le níta, ó rọ̀ nínú. Mùíz jẹ ẹ́, ó di ojú.

“Kò sí èyí ní Bajúláyé,” ló wí.

“Kò sí mi ní Bajúláyé náà.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi gun òkè nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ojú Waliyat yí padà.

“Ohun kan wà. Bàbá mi ti sọ fún àwọn àgbà pé èyí tó tọ̀nà ni àwọn fọwọ́ sí. Bàbá ní ìwọ lo yí i lẹ́yìn tí àwọn fọwọ́ sí i. Tí àwọn àgbà bá gba èyí gbọ́, wọn ò ní fún ọ ní ọmọ wọn.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣé ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?”

Mùíz yọ ọ́ jáde nínú àpò.

“Fi hàn wọ́n, wàá borí,” ni Waliyat wí. Omi lé sí i lójú. “Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní lè gbójú sókè ní ìlú yìí mọ́. Mi ò mọ èwo ni kí n bẹ̀ ọ́.”

Àkàrà ṣẹ́ kù. Mùíz tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó kó àkàrà lé e, ó wé e, ó fi í sínú àpò. Epo ti ń mu ìwé náà kí wọ́n tó dìde.

Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ̀sì ní ìsàlẹ̀ òkè. Bàbá Àyúbà ni olórí wọn.

“Kí lo rí?”

“Mo rí Ìyá. Ọ̀tún ló ń wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Àyúbà kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló wá ní kó máa wo òsì?”

Àlímì ń wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tó kọ sára ìwé yẹn.

“Èmi ni,” ni Mùíz wí. “Fíìmù ni mo fi sódì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo sì ti tún un ṣe.”

“Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ?”

“Kò sí, Bàbá.”

Bàbá Àyúbà wò ó títí. Ó wo Àlímì náà. Àgbà ni, kò béèrè mọ́. “Ó ti gun òkè,” ló wí. “Ó sì ti rí i. Ti bàbá ọmọ ló kù.”

Àlímì dìde, ó fa Mùíz lọ sí ẹ̀yìn ilé.

“Ìwé tí mo fọwọ́ sí dà?”

Mùíz ṣí àpò. Ìwé náà ti rẹ sínú epo. Kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́.

“A fi wé àkàrà, Bàbá.”

Àlímì wò ó. Ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́ tán, kò yára. Ó nu ọwọ́. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó dúró láàárín wọn.

“Òdì yẹn ni mo rí, mo sì fọwọ́ sí i,” ló wí. “Ogún ọdún ni mi ò ti gun òkè. Mo ti gbàgbé ibi tí Ìyá ń wò. Ọmọkùnrin yìí mọ̀, kò tú mi fó.” Ó yíjú sí Waliyat. “Wá bu iyán fún ọkọ rẹ.”

Iyán tuntun ni, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ẹtu. Waliyat ń bù ú. Mùíz bá a di àwo mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gun òkè. Àlímì sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Mùíz tẹ ìwé ìpè yìgì. Ó fi òkè sí iwájú rẹ̀. Àlímì wá sí Bajúláyé láti wo ẹ̀dà àkọ́tẹ̀. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo iwájú. Waliyat àti Mùíz dúró, wọ́n ń wò ó, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn.

“Ọ̀tún,” ni Àlímì wí.

Ó sì fọwọ́ sí i.