Ṣé Kí N Tọ́jú Tútù Rẹ̀?

Yorùbá ni sọ́fítíwíà kẹta fi bá Olúdayọ̀ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọdún 2011 là ń wí yìí. Kò sí sọ́fítíwíà fọ́tò tó gbọ́ Yorùbá nígbà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Yorùbá tó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti jókòó ti iṣẹ́ láti àárọ̀, ojú ń ta á, inú sì ń bí i. Ó ní àwọn ọmọ Ìkẹjà kan ló máa jókòó túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ayàwòrán ni Olúdayọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú títì Ìdímù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà tuntun, irú èyí tí kì í se fọ́tò fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń kó wálé bó ṣe rí i, èyí tó dára àti èyí tó burú. Sọ́fítíwíà ni yóò wá sè é di àwòrán tó ṣeé tẹ̀ jáde. Tútù ni Olúdayọ̀ ń pe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló sì ti ń pè é.

Sọ́fítíwíà tí yóò mú ni wàhálà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àkọ́kọ́ bá kámẹ́rà wá nínú páálí, ó sì lọ́ra bí ẹni tí wọ́n fipá rán níṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni èkejì. Kì í fọwọ́ kan tútù rárá. Àtúnṣe tó bá ṣe, inú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Ìyẹn dára, àmọ́ gbogbo awọ ara tó bá sè ló ń funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò para nínú ọyẹ́. Ẹ̀kẹta wà nínú síìdì kan tí kò lórúkọ. Olúdayọ̀ ṣà á láàárín àwọn síìdì tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìkòtún. Ẹnì kan ti fi báírò kọ 3 sí i lára.

Fọ́tò Bàbá Oyèníran ló fi dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ọláoyè, ọmọ bàbá náà, ló mú un wá láti Egan ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lè fi fọ́tò rẹ̀ ṣe kàlẹ́ńdà ọgọ́rin ọdún. Gọ̀mbọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà méjèèjì, bàmú sì gba orí imú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lójú bàbá yìí náà ni Ọláoyè ti sọ pé kí wọ́n mú ilà yẹn kúrò, pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun ò ní gbé ojú ọgbẹ́ kọ́ sí pálọ̀ wọn. Nígbà tí Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti tún ọrùn aṣọ bàbá náà ṣe ni bàbá gbá a lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò kọjá àárín àwọn méjèèjì. "Ojú ẹ ló sọ fún mi. Má jẹ́ kí wọ́n pa ojú mi rẹ́. Òun ni mo fẹ́ fi wọlé."

Olúdayọ̀ ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Irọ́ ló pa. Kò sí ohun tó kórìíra láyé tó ilà yẹn, torí irú rẹ̀ gan-an ló wà lójú tirẹ̀, gọ̀mbọ́ àti bàmú, ìlà kan kò yẹ̀. Rélùwéè ni wọ́n ń pè é nílé ìwé ní Egbeda, títí àwọn tíṣà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ogójì ọdún, kò sì tíì dárí ji ìyá rẹ̀ tó gbà kí wọ́n kọ ọ́ nílà. Ilé rẹ̀ ni ìyá náà ń gbé báyìí. Olúdayọ̀ ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé lọ́jọ́ tí òun bá rí dókítà tó lè bó o, òun máa bó o dànù. Ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ máa ń rín, á ní ojú yẹn ni òun fi máa mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn. Olúdayọ̀ kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé ojú bàbá náà síwájú sọ́fítíwíà mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, ilà náà kò kúrò, ó kàn rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀ dáadáa. Nínú èkejì, ó kúrò, àmọ́ ó fi ipa eérú sílẹ̀. Ẹ̀kẹta béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: *Ilà ni kí n mú kúrò?*

Olúdayọ̀ kò tíì tẹ nǹkan kan nípa ilà. Ó tẹ *Bẹ́ẹ̀ ni*. Kó tó ká ìka rẹ̀ kúrò lára máòsì, ojú Bàbá Oyèníran ti ń dán bí ìdí ọmọ tuntun. Ìbéèrè mìíràn tún yọ: *Ṣé kí n tọ́jú tútù rẹ̀?*

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kún. Ó tẹ *Rárá*. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìbéèrè náà tí wọ́n kọ *Má béèrè mọ́* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àmì sínú ìyẹn náà, torí kò fẹ́ràn ohun tó ń da ìbéèrè boni. Lẹ́yìn èyí ló tó rántí pé kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà, tútù, yàtọ̀ sí òun. Òtútù mú un díẹ̀. Ó dìde, ó pa fáànù, ó padà wá yọ sọ́fítíwíà méjì yòókù kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ti rí èyí tó ń wá.

Inú Ọláoyè dùn. Wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan fún bàbá náà, ó wò ó títí, ó wá béèrè pé ta nìyí. Ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé. Fọ́tò kan náà ni Ọláoyè fi ṣe pósítà òkú, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Egan títí dé Ìdímù.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, ní ọ̀sán gangan, Olúdayọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ń fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ gòkè. Ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn íńkì ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ wọlé, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ojú náà wọlé, ojú tó ń dán, tí kò sí ìlà kan lórí rẹ̀. Olúdayọ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá Oyèníran jókòó sórí àga tí wọ́n ti yà á.

"Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi," ó ní. "Bàbá mi wò mí láti ojú fèrèsé. Ó ní òun ò bí irú ọmọ yìí."

Ojoojúmọ́ ló ń wá, bí oòrùn bá ti kan àtàrí. Á kàn jókòó ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo oníbàárà tí Olúdayọ̀ bá yà ló ń yí ojú sí ọ̀nà àga náà nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ni wọ́n ń wò nígbà tó yà wọ́n. Ó pe Ọláoyè lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ fún fọ́tò bàbá náà àtijọ́, ó kéré tán ẹyọ kan. Ọláoyè ní òun ti dáná sun gbogbo rẹ̀ níbi àdúrà, kò sì gbọ́dọ̀ pe òun mọ́. Olúdayọ̀ dá sọ́fítíwíà méjì àkọ́kọ́ padà sórí kọ̀ǹpútà. Tútù ni àwọn méjèèjì ń béèrè, kò sì sí tútù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá náà tún sọ̀rọ̀.

"Tí mi ò bá rí ilé wọ̀, màá máa bá ẹ lọ sílé," ó ní. "Ìyá ẹ náà ti dàgbà. A óò jọ máa sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Olúdayọ̀ níbi tí kò mọ̀ pé ó ṣì ń dun òun. Ìjà tó ń bá ìyá rẹ̀ jà, òun nìkan ló ni ín. Kò ní fún òkú kankan láyè láti dá sí i. Ó ṣí sọ́fítíwíà kẹta. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí sọ́fítíwíà náà fi béèrè: *Níbo ni kí n ti mú ilà?*

Ó mọ ibi tí yóò ti mú un. Ojú kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ya ara rẹ̀. Ó ti rò ó tán: yóò yá bàbá náà ní ilà, yóò sì tọ́jú tútù tirẹ̀. Nígbà tí sọ́fítíwíà bá béèrè, *Bẹ́ẹ̀ ni* lòun máa tẹ̀, kódà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó fa máòsì dé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ nínú fọ́tò náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ gbóná bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí bàbá náà mí kanlẹ̀. Olúdayọ̀ ń dúró de ìbéèrè tútù. Kò dé. Ó wá a kiri gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ó wá àpótí kékeré tó fi àmì sí lọ́jọ́sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yọ sí i: *O ti dáhùn.*

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Bàbá Oyèníran ti wà lẹ́nu ọ̀nà, gọ̀mbọ́ àti bàmú pé lójú rẹ̀.

"O ṣeun," ó ní. Kò pè é ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Olúdayọ̀ lọ síwájú dígí tí àwọn obìnrin fi ń tún gèlè wọn ṣe. Ká sọ òótọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó pa á títí. Ogójì ọdún ló ti ń dúró de ojú yìí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó ń dá rẹ́rìn-ín lọ́nà.

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàsán, sà," ìyá náà ní. "Ta lẹ ń wá?"

"Màámi, èmi ni."

Ẹ̀rín kú lójú ìyá náà. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu àlejò, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Ó wo ojú náà láti òkè délẹ̀, kò rí ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń sọ nípa síìdì àti bàbá àti àga, bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń sún sẹ́yìn. Ó tú fóònù létí ìró rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí láìgbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Fóònù dún lápò Olúdayọ̀. Ó dún títí ó fi gé.

Ìyá náà dìde. Ẹ̀wà dà sílẹ̀, kò bojú wò ó.

"Aṣọ ọmọ mi lo wọ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Fóònù ọmọ mi ló wà lápò ẹ. Ohùn ọmọ mi lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Níbo lo gbé òun fúnra ẹ̀ sí?"

Lẹ́yìn Olúdayọ̀, àwọn ará àdúgbò ti ń ṣí géètì wọn.